Bá a Bá Ń Jà, Bí i Ká Kú Kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbà Tó Yẹ Kí Èèyàn Fi Ojú Ìjà Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn òbí wọn)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òógùn ìdánrawò ṣì wà lára yín, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó.

Ìfaradà ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo gbà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó sí i ni mo ń rí i pé ìfaradà kọ́ ló wọ́n láàrin yín. Ọmọ tó ń jí sáré ní ìdájí, tó ń tibẹ̀ gba ibi iṣẹ́ lọ, tó tún ń padà wá gba ẹ̀ṣẹ́ sára nírọ̀lẹ́, ìfaradà wo ni kí n tún máa kọ́ ọ? Ẹni tí yóò sọ fún un pé ọjọ́ kan lè dé tí ohun tó fẹ́ràn yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ run ló wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí èèyàn dìde kúrò nídìí ohun tó ń pa á lára ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Wọ́n ní akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ní í bá ogun lọ. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojo. Àwọn tó ti rí ogun ni. Nínú ìjàkadì wọn pàápàá, bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí nìyẹn, onílù á yí ìlù padà, ẹni tó dá ẹnìkejì á máa jó. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, wọ́n á máa ka ení, èjì fún un. Bó bá ti dìde kí wọ́n tó ka ẹẹ́wàá, tó ní ara òun le, wọ́n lè ní kó máa jà lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lórí ni wọ́n ń bi bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ilé. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ Hogan Bassey, tí gbogbo ayé ń pè ní Kid Bassey. Lápá Calabar ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1932, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gba orúkọ, kó tó kọjá sí Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1957, ó na Cherif Hamia ní Paris ní ráúǹdì kẹwàá, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé, ní ìpele àwọn tí ara wọn fúyẹ́, tí wọ́n ń pè ní featherweight. Ìjókòó tó ṣófo ló bọ́ sí: Sandy Saddler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ni bẹ́líìtì náà tẹ́lẹ̀, ti fara pa lójú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ó sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kò pé ọdún méjì tí Davey Moore, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, fi gba bẹ́líìtì yẹn lọ́wọ́ Bassey ní Los Angeles, ní oṣù Kẹta ọdún 1959. Wọ́n tún pàdé ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Moore tún borí. Ìjà méjèèjì, orí àga ìsinmi ni wọ́n parí sí: Bassey padà sí igun rẹ̀, níbi tí olùkọ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é, láàrin ráúǹdì méjì, kò sì jáde mọ́. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà yẹn. Ẹ bi ara yín, ọmọ ọdún 27 tó ti jẹ́ ọba àgbáyé rí, ta ni kò ní sọ fún un pé kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i? Orúkọ rẹ̀ ṣì tó ohun tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bassey kò jà mọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì yá ó di olùkọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò orílẹ̀-èdè wa, láyé ìran àwọn Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Tókíyò lọ́dún 1964, àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Ọdún 1998 ni Bassey tó kú, ní Èkó níbí. Ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́ kò sọnù nígbà tó dẹ́kun ìjà. Ó kàn bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ mìíràn ni.

Moore tó na án ńkọ́? Moore di bẹ́líìtì náà mú títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1963, nígbà tó kojú Sugar Ramos, ọmọ Kúbà láti ìlú Matanzas, ní pápá Dodger Stadium ní Los Angeles. Ní ráúǹdì kẹwàá, ẹ̀ṣẹ́ Ramos gbé e ṣubú, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì gbá okùn ìsàlẹ̀ tó yí ojú ìjà ká. Ó dìde. Ó parí ráúǹdì náà kí ìjà tó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá ìmúra, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ bá Ramos jà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pẹ́ sígbà náà ló ní orí ń fọ́ òun, ó sì dákú. Kò jí mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ kẹrin. Ọmọ ọdún 29 ni.

Èmi kò sọ ìtàn yìí láti fi sọ pé Bassey gbọ́n, Moore sì gọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Moore ni ọba lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ń sọ fún un pé kó lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni pé ẹni tó ti ń kú lọ láti inú ọpọlọ rẹ̀ ṣì jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ tó já gaara, ó ń bèèrè ìjà mìíràn. Bí a bá wá fi í sílẹ̀ fún un pé kí òun fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, kí la ṣe fún un?

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé sí ikú Moore tí ọmọ Èkó wa kan, Rafiu King, fi wọ ojú ìjà bá Ramos yìí kan náà ní Mexico City. Ráúǹdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n jà pé, àwọn adájọ́ ló sì fún Ramos ní ìṣẹ́gun. Mo máa ń rò ó, ohun tó wà lọ́kàn Rafiu bó ṣe ń wé ọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sì máa ń ro ti Ramos náà, nítorí pé ẹni kejì tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ ni Moore jẹ́. Ọmọ Kúbà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti bá ìjà lọ lọ́dún 1958. Ìpalára kì í mọ sára ẹni tí wọ́n lù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ́ ń ṣe nínú orí, nítorí ojú wa kì í rí i. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló wà nínú agbárí tó le. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ba àgbọ̀n, orí á yí lójijì, ọpọlọ á mì, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú rẹ̀ á nà, á lọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ńlá tó dá èèyàn dùbúlẹ̀ ni àwọn òǹwòran ń rántí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣẹ́ kéékèèké tí kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú náà ń kó jọ, pàápàá àwọn tí ẹ ń gbà níbi ìdánrawò tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Láti ọdún 1928 ni Harrison Martland, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń wúwo lẹ́nu. Àwọn tó ń wo ìjà ti mọ irú wọn tipẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti fún wọn lórúkọ yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Nàìjíríà ló sì tún la ayé lójú sí i nígbà tiwa. Bennet Omalu, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní yunifásítì Nsukka, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní Pittsburgh lọ́dún 2002. Webster kì í ṣe abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò; bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń forí gbárí, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá. Ọmọ 50 ọdún ni nígbà tó kú, iyè rẹ̀ ti ra, akọni tí gbogbo ìlú ń yìn ti di ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀. Omalu rí i pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tau ti ṣù jọ káàkiri inú ọpọlọ náà, àmì àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CTE. Nígbà tó gbé e jáde lọ́dún 2005, àwọn dókítà tó ń bá ẹgbẹ́ eléré náà ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n fa ìwé rẹ̀ yọ kúrò nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Kò gbà. Mo yangàn pé ọmọ wa ni, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ orúkọ rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ orúkọ àwọn tó ń gba bẹ́líìtì. Títí di òní, lẹ́yìn ikú nìkan ni wọ́n lè fi ìdánilójú rí àìsàn yẹn nínú ọpọlọ. Kò sí dókítà tó lè yẹ̀ ọ́ wò láàyè kó sọ pé ẹ̀ṣẹ́ báyìí ló kù tí orí rẹ lè gbà.

Mo wá dé orí Muhammad Ali. Àwọn kan nínú yín lè má fẹ́ kí n fọwọ́ kan án, nítorí ìfẹ́ tí a ní sí i. Lọ́dún 1964, kété tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Sonny Liston, ó wá sí Nàìjíríà níbí, àwọn òbí wa sì tú jáde láti wò ó. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dùn mí.

Kinshasa, ọdún 1974, ó gba bẹ́líìtì padà lọ́wọ́ George Foreman. Ká ní ibẹ̀ ló ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ni! Ọmọ ọdún 32 ni, ó ti gba gbogbo ohun tí wọ́n fi ipá já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kọ̀ láti lọ sógun Vietnam padà. Ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ. Ọ̀nà tó sì fi ń dánra wò nígbà náà tún burú sí i: níbùdó rẹ̀ ní Deer Lake, á dúró ti okùn, á ní kí àwọn tó ń bá a dánra wò máa lu òun, kí ara òun lè le. Larry Holmes wà lára àwọn ọmọ tó ń lù ú bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, Earnie Shavers lù ú fún ráúǹdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Madison Square Garden, gbọ̀ngàn ìjà ńlá ní New York. Ali borí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń wò kò yọ̀. Teddy Brenner, ẹni tó ń ṣètò ìjà níbẹ̀, sọ ní gbangba pé Garden kò ní gbé ìjà kankan fún Ali mọ́. Dókítà Ali, Ferdie Pacheco, gba èsì àyẹ̀wò tó fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí Ali, ó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mánéjà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Pacheco di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin ará, dókítà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti tó, òun náà ló sì kọ́kọ́ jáde. Aláìsàn dúró.

Lọ́dún 1978 Leon Spinks gba bẹ́líìtì, Ali gbà á padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó di ẹni àkọ́kọ́ tó gba ti heavyweight, ìpele àwọn tó wúwo jù, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sì kéde lọ́dún 1979 pé òun ti ṣe é tán. Ó ti jáde! Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wà níta. Ohun tó fà á padà ni ìjà Holmes, ní Las Vegas, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1980. Mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni wọ́n ṣèlérí fún un. Kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ, ó lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn Mayo. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lè fi ẹsẹ̀ kan tọ bó ṣe yẹ, pé ìka rẹ̀ ń tàsé imú díẹ̀, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ pé àwọn kò rí ohun tó ní kó má jà, wọ́n sì fún un láṣẹ. Ali ẹni ọdún 38 gbé oògùn thyroid mì ju ìwọ̀n lọ, ó fọn, ó pa irun rẹ̀ láró, ara rẹ̀ sì dà bí ti ìgbà èwe nínú fọ́tò. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní baba ti padà dé.

Ráúǹdì mẹ́wàá ni wọ́n jà. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fún Ali ní ẹyọ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Holmes, ọmọ ibùdó rẹ̀ àtijọ́, ń wo rẹfirí pé kó dá ìjà dúró. Nígbà tí Angelo Dundee, olùkọ́ Ali, wá sọ pé ó tó, Bundini Brown tó wà lára àwọn tó ń bá Ali ṣiṣẹ́ di aṣọ Dundee mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n ja ráúǹdì kan sí i. Dundee ní láti pariwo pé òun ni olórí igun náà, òun ló sì dá ìjà náà dúró. Holmes tó borí ń sunkún.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, Ali tún jáde sí Trevor Berbick ní Nassau, ní Bahamas, níbi tí wọn kò ti rí agogo gidi lù, tó jẹ́ agogo ọrùn màlúù ni wọ́n fi ń dá ráúǹdì. Ó pàdánù, ó tó lọ sílé. Lọ́dún 1984 ni wọ́n sọ fún un pé àìsàn Parkinson ni. Àwọn dókítà kò fẹnu kò lórí ìwọ̀n tí ẹ̀ṣẹ́ kó nínú ohun tó fà á, èmi náà kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti ń wúwo láti ọdún 1980, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tó wo Òlíḿpíìkì Atlanta lọ́dún 1996 rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n bó ṣe ń tan iná. Ọdún 2016 ló kú, ẹni ọdún 74.

Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ kò lè lọ? Owó wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí i ká ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó ń jẹun nínú ìjà rẹ kò ní sọ fún ọ pé ìjà ti tó. Kì í ṣe pé gbogbo wọn kórìíra rẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò lè fojú inú wo ayé tí kò ti ní máa jà. Ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu ju ọ̀tá lọ. Orúkọ náà tún wà. Wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ tí ìjà bá sọ èèyàn, ó máa ń rò pé bí òun bá dẹ́kun ìjà, orúkọ náà á bọ́ lára òun. Nígbà tí gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò bá ń kí ọ ní "Champion!" láti ọmọ ọdún 16, kí ni wọ́n á máa pè ọ́ bó o bá di ẹni tó ń ta táyà?

Ohun kan sì tún wà tí kò mọ sórí ẹ̀ṣẹ́. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní òpópónà yín lónìí, ẹ ó rí ọ̀dọ́kùnrin tó ti pàdánù owó oṣù rẹ̀ látàárọ̀, tí kò lè dìde nítorí pé bó bá dìde, a jẹ́ pé owó náà ti lọ lóòótọ́. Ó ń fi èyí tó kù lé èyí tó ti lọ. Bákan náà ni ẹni tó ń fi ọdún kún ọdún nídìí òwò tó ń jẹ gbèsè, bákan náà ni obìnrin tó ń sọ pé ó ti pẹ́ jù láti fi ọkùnrin tó ń lù ú sílẹ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ṣì jẹ́ tìrẹ láti pinnu lé lórí.

Mo fẹ́ sọ ìtàn igun kan tó yàtọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, Ali àti Joe Frazier pàdé lẹ́ẹ̀kẹta ní Philippines, ìjà tí gbogbo ayé ń pè ní ti Manila. Ooru mú bí iná. Ráúǹdì mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fi lu ara wọn débi tí kò ṣeé wò. Ojú òsì Frazier kò ríran dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ yẹn ojú ọ̀tún rẹ̀ náà wú, ó dí. Kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ mọ́. Ráúǹdì kan péré ló kù. Frazier fẹ́ jáde lọ bá a, ó ń bá olùkọ́ rẹ̀, Eddie Futch, jiyàn. Futch di í mú lórí àga, ó ní kó jókòó, ó pè é lọ́mọ, ó ní ó ti parí, pé ẹnikẹ́ni kò ní gbàgbé ohun tó ṣe lọ́jọ́ òní.

Àwọn kan ṣì ń sọ títí di òní pé bí Futch bá dúró díẹ̀ sí i, bóyá Ali ni ì bá kọ́kọ́ jókòó. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kò yí ohunkóhun padà lójú tèmi. Futch kò wo ẹni tó máa borí. Ó wo ọkùnrin tí kò ríran, tó fẹ́ wọ inú ẹ̀ṣẹ́ lọ, ó sì mọ̀ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Bẹ́líìtì àgbáyé jìn sí wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, n kò mọ ìgboyà tó ju ìyẹn lọ. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé Frazier fúnra rẹ̀ tún padà sójú ìjà fún ìgbà ìkẹyìn ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, oṣù kan náà tí Ali lọ sí Nassau. Ẹnì kan lè mú ọ jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò lè máa ṣọ́ ọ títí ayé.

Ó yẹ kí n dá ẹ̀yin olùkọ́ lóhùn báyìí, torí mo rí ojú yín. Ẹ ń sọ nínú ọkàn yín pé bí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ, gbogbo wọn á máa sá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí imú wọn bá ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ yín. Ìrora wà tó ń kọ́ni. Apá tó ń ro ọ́ lẹ́yìn àpò lílù, èémí tó ń gbé ọ lórí eré sísá, ìtìjú ìjà tó o pàdánù níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, gbogbo ìyẹn á lọ, á sì fi ohun kan sílẹ̀ fún ọ. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún un. Ti ìpalára yàtọ̀: ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ, kò sì ń fi nǹkan kan rọ́pò. Orí fífọ́ tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi. Oorun tó dàrú. Orúkọ ọ̀rẹ́ tó ń sọnù lẹ́nu rẹ. Ìbínú tí ìyàwó tàbí ìyá rẹ kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀ṣẹ́ tó o máa ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń bá ọ ní gbogbo ìgbà.

Èyí tí mo sì kà sí jù nínú gbogbo wọn: bó o bá ti ń fi pa mọ́. Bó o bá ń sọ fún ìyá rẹ pé ilẹ̀kùn lo gbá, bó o bá ń bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ pé kó má sọ fún olùkọ́ pé o dákú níbi ìdánrawò, ìwọ alára ti mọ ìdáhùn. Ẹnu rẹ ni kò tíì sọ ọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a ṣe kí a tó jáde nínú gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ìbúra. Òfin ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti àwọn tí kì í jà fún owó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá lù lórí débi pé kò lè jà mọ́ kò gbọ́dọ̀ jà, kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni dánra wò, fún ó kéré tán 30 ọjọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́ta, 90 ọjọ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọdún kan, ọdún kan gbáko ló máa fi jókòó. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ra ìwé kan fún gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ yín. Ẹ kọ ìjà sí i, ẹ kọ ìdánrawò sí i, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ sí i. Kí ìwé náà máa tẹ̀ lé ọmọ bó bá lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn bi olùkọ́ pé ìgbà wo ni ọmọ yín máa jà. Ẹ bi í pé ta ló ni aṣọ ìnura, ta ló láṣẹ láti jù ú sójú ìjà kí ìjà lè dúró, àti pé bóyá ẹni náà ń gba owó kankan nínú ìjà ọmọ yín. Bó bá ń gba owó, ẹ fi ẹlòmíràn tì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bébà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, bírò náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ gbà pé bó bá ní ó tó, ẹ ó gbọ́, bí inú bá tilẹ̀ ń bí yín. Ó lè jẹ́ ìyá yín, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ó lè jẹ́ olùkọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí tí orí yín pé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lu yín lónìí, kí ẹ sì lọ sọ fún ẹni náà lálẹ́ yìí pé ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí orúkọ kankan kọ, kó dúró dè mí, ká jọ sọ̀rọ̀ kó tó lọ sílé. Mo ti sọ tèmi. Ẹ bi mí ní ohun tí ẹ bá fẹ́ bi mí.